Ẹ Dọ̀bálẹ̀ Wo Abẹ́ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Minivan Ẹlẹ́bí àti Ẹ́sítírà Táyà Rẹ̀

Alẹ́ Sátidé kan ni táyà ẹ̀yìn Sienna wa, minivan Toyota tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, bẹ́ nítòsí Ògúnmákin, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwa méje la wà nínú ọkọ̀: èmi, ìyá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́ta, ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin. Òde ìgbéyàwó la ti ń bọ̀, kúlà méjì àti ìkòkò ọbẹ̀ ló kún búùtù. Mo ní ẹ́sítírà táyà. Abẹ́ ọkọ̀ ló so rọ̀ sí, lórí okùn irin. Lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ní "ó wà níbẹ̀", mo sì kọjá síbi ẹ́ńjìnnì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó ṣeé lò. Bóòtù tí wọ́n ń yí kí táyà náà tó sọ̀ kalẹ̀ ti dípẹtà, igun orí rẹ̀ ti jẹ tán, sípánà kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Fọ́kánáísà kan tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá ló fi ayùn irin gé okùn náà. Nígbà tí táyà já bọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ náà sì wọlé bíi bọ́ọ̀lù tó ti jò. "Dádì," ó ní, "táyà yìí ò tíì fẹsẹ̀ kan títì rí látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ ti tán nínú ẹ̀." Ló bá tún padà lọ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá. Wákàtí méjì àbọ̀ la lò lẹ́bàá títì. Gbogbo tírélà tó ń kọjá ló ń mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì, ìyá mi sì ń ka Sáàmù láìdákẹ́.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun lọ wo ọkọ̀ tí ẹbí rẹ̀ yóò máa wọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń dọ̀bálẹ̀ wò. Àwọn ènìyàn a máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọn a dán gíà wò, wọn a tan èésì. Wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ́sítírà ni wọ́n ń wò kẹ́yìn, bí wọ́n bá tiẹ̀ wò ó. Nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹni méje, ẹ́sítírà ló yẹ kó sọ irú ọkọ̀ àti ọdún ọkọ̀ tí ẹ máa rà, òun náà ló sì máa sọ bí ẹ ó ṣe máa di ẹrù. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka orí, ẹ ka ẹrù

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ìgbà mélòó lóṣù ni ẹ máa ń kún ìjókòó ìlà kẹta? Sienna máa ń gba ẹni 7 tàbí 8, ìlà kẹta rẹ̀ sì máa ń ká wọ inú kòtò jíjìn kan tó wà ní búùtù. Bí ìlà kẹta bá dúró, kòtò yẹn ni búùtù yín. Bí ẹ bá ká a, kòtò náà á kún, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì tẹ́jú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ẹ́sítírà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹbí tó ń kún ìlà kẹta lójoojúmọ́ lè tẹ́ odindi táyà sí ìsàlẹ̀ kòtò yẹn kí wọ́n sì di ẹrù lé e lórí. Ohun tí wọ́n pàdánù ni jíjìn búùtù. Ẹbí tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń ṣí ìlà kẹta ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìjókòó ti gba kòtò. Ṣùgbọ́n àyè pọ̀ lókè tí wọ́n lè gbé táyà dúró sí kí wọ́n sì dè é. Ẹ mọ èyí tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó yọ owó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọdún wo, irú wo

Sienna ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló pọ̀ jù lójú títì wa, kò sì sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ ò ní rí ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn. Ìran kejì rẹ̀ ni 2004 sí 2010. Nínú ìyẹn, 2004 sí 2006 ń lo ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 tó ní táímíńgì bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó ń jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò. Nǹkan bí máìlì 90,000 ni Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ fi owó bẹ́ẹ̀tì kún owó ọkọ̀ nínú ìṣirò yín. Láti 2007, ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 tó ń lo ṣéènì irin dípò bẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ìran yìí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí mẹkáníìkì wo rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà; rọ́bà yẹn a máa bẹ́, onírin ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìran kẹta ni 2011 sí 2020. Ní oṣù kọkànlá 2016, Toyota pe Sienna 2011 sí 2016 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 744, torí pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fà lọ lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ẹ má fi ilẹ̀kùn yẹn ṣeré bí ọmọ bá máa jókòó tì í.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta: AWD. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn Sienna, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dùn létí, owó rẹ̀ sì máa ń ga jù. Ṣùgbọ́n Sienna AWD ti 2004 sí 2020 ò bá ẹ́sítírà wá. Táyà run-flat ni ilé iṣẹ́ fi sí i, ìyẹn táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le gan-an, tó lè gbé ọkọ̀ lọ díẹ̀ síwájú bí afẹ́fẹ́ bá tiẹ̀ tán nínú rẹ̀. Tí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá gbó, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ni ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi táyà lásán sí i. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń gúnlẹ̀ ní Èkó nìyẹn: kò ní run-flat, kò ní ẹ́sítírà, kò tiẹ̀ sí ibi tí wọ́n ṣe fún ẹ́sítírà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ìṣó bá wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ò ní ra AWD fún ìrìn ilẹ̀ Yorùbá. Yìnyín ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Honda Odyssey tó ní àkọlé Touring láti 2005 náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Àwọn kan nínú wọn bá táyà PAX ti Michelin wá, èyí tí rímù rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti táyà yòókù. Ẹ̀rọ fọ́kánáísà wa ò lè tú u. Bí ẹ bá rí PAX lára táyà, àfi kí ẹ ra rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Ní ti Sienna 2021 sókè, gbogbo wọn ló ń lo bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní ẹ́sítírà. Bí ará yín lókè òkun bá fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ ní kó ya àwòrán abẹ́ rẹ̀ kó tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irú ẹ́sítírà tó wà níbẹ̀

Odindi táyà tó bá mẹ́rin yòókù dọ́gba ni ọba wọn. Ẹ lè gbé e wọ̀ kí ẹ sì máa bá ìrìn yín lọ dé Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Aburú rẹ̀ ni ìwọ̀n: bí ogún kílò ni pẹ̀lú rímù, ó sì ń gba àyè.

Táyà tínrín ni ọ̀pọ̀ minivan bá wá. Lẹ́tà T ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà ara rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i pé kó má kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ 60 psi lórí géèjì ni ó ń gbà, kì í ṣe 35 tí a ń fi sí táyà yòókù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà ti ń ṣì í: wọ́n á fẹ́ ẹ dé 35, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Pẹ̀lú ẹni méje lórí rẹ̀, táyà tínrín tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò pé á máa gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń tà á kì í sọ. Ihò tí táyà tínrín ti jáde ò gba odindi táyà. Lálẹ́ ọjọ́ Ògúnmákin, lẹ́yìn tí a gbé táyà tínrín wọ̀, ibo ni èyí tó bẹ́ máa wọlé sí? Búùtù ti kún. Ọmọ mi àkọ́bí ló gbé ẹsẹ̀ lé e dé Ìbàdàn, gbogbo inú ọkọ̀ ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, aṣọ òde ìyá mi sì gba dúdú táyà. Nítorí náà, bí táyà tínrín bá wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ṣì ní láti fi àyè odindi táyà kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Run-flat ẹ ti mọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá tán nínú rẹ̀, nǹkan bí 80 kìlómítà ló lè gbé yín, ní eré tí kò ju 80 lọ. Ní ìlú tí ṣọ́ọ̀bù táyà wà ní gbogbo ìkòríta, ìyẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá a kiri láàárín Òǹdó sí Ọrẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Èyí tó kẹ́yìn ni agolo oje àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré, tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń rọ́pò ẹ́sítírà nísinsìnyí kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ẹ fọn oje náà wọ inú táyà, á dí ihò ìṣó. Ihò kékeré ojú táyà nìkan ló lè dí, kò lè dí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ya. Kí ló sì ń ba táyà wa jẹ́ jù? Etí kòtò lójú títì ni, etí kòtò a sì máa la ẹ̀gbẹ́ táyà bí ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn dára, mo ní ọ̀kan. Agolo rẹ̀ nìkan ni mi ò lè fọkàn tán.

Òfin pẹ̀lú ò gba kí ọkọ̀ máa rìn láìní ẹ́sítírà. Lọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni kí èèyàn máa wakọ̀ lórí táyà tó ti jẹ tán àti kó máa rìn láìní ẹ́sítírà: TYV ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn, ₦3,000 ni owó ìtanràn rẹ̀. Ọkọ̀ tó pé pérépéré ní Amẹ́ríkà lè jẹ́ arúfin tó bá dé Ṣàgámù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lọ́jọ́ tí ẹ lọ wo ọkọ̀

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, géèjì afẹ́fẹ́ àti aṣọ tí ẹ lè fi dọ̀bálẹ̀ dání. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á sọ ẹ́sítírà náà kalẹ̀ lójú yín. Bó bá ní "ó wà níbẹ̀, ẹ má yọra yín lẹ́nu", ohun tí èmi náà sọ fún ara mi nìyẹn. Ẹ dúró títí táyà á fi kan ilẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ní oṣù kẹrin 2010, Toyota pe nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 Sienna padà ní Amẹ́ríkà, 1998 sí 2010, àwọn tí kì í ṣe AWD. Ọkọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ni: iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ń jẹ okùn irin tó gbé ẹ́sítírà dúró, okùn lè já, táyà á sì já bọ́ sójú títì níwájú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa, ibẹ̀ ló ti wá. Nítorí náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí okùn náà láti òkè délẹ̀. Bí fọ́nrán rẹ̀ bá ti ń yọ bí irun, tàbí tó ti wú, tí ìpẹtà ń bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ VIN sílẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè sọ fún yín bí àtúnṣe kan bá wà tí wọn ò tíì ṣe sí ọkọ̀ náà.

Nígbà tí ẹ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ wo irin abẹ́ ọkọ̀ yòókù. Okùn ẹ́sítírà tí iyọ̀ ti jẹ kì í dá nìkan wà: páìpù bíréèkì àti irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti mu nínú iyọ̀ yẹn. Lójú tèmi, ibi okùn yẹn lẹ ti máa kọ́kọ́ mọ ìlú tí ọkọ̀ náà ti gbé, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ orí táyà rọrùn láti mọ̀. Níparí ọ̀rọ̀ DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Ẹ wo ti ẹ́sítírà náà. Rọ́bà a máa gbó níbi tó so rọ̀ sí, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán bíi tuntun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá ní láti wá odindi ẹ́sítírà

Èyí ni mo ṣe nígbẹ̀yìn. Ẹ wo nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yín. Ọ̀pọ̀ Sienna 2004 sí 2010 ń lo 215/65R16. 235/60R17 wọ́pọ̀ lára ìran kẹta. Táyà ìran kẹta ga ju ti ìran kejì lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lódindi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "Sienna náà ni gbogbo ẹ̀". Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀lé e pẹ̀lú: 98 ń gbé 750 kílò, 102 ń gbé 850. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti ilé iṣẹ́, torí ọkọ̀ tó ń kó ẹni méje àti ẹrù lẹ ń rà á fún.

Ní ti rímù, nọ́ọ̀tì márùn-ún ni Sienna ní, ìwọ̀n agbo wọn sì jẹ́ 114.3 mílímítà. Odyssey láti 2005 ní márùn-ún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n 120 ni tirẹ̀, kò sì ní wọlé. Ẹ ra rímù irin, kì í ṣe èyí tó ń dán. Ẹ gbé e wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọjà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé nọ́ọ̀tì mẹ́ta wọlé tán.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi bẹ́líìtì ẹrù dè é mọ́ ìkọ́ irin nínú ọkọ̀. Táyà ogún kílò tí wọn ò dè, bí bíréèkì òjijì bá ṣẹlẹ̀, orí ọmọ tó wà ní ìlà kẹta ló ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lójú títì

Bí táyà bá bẹ́, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tó tẹ́jú. Gbogbo ènìyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igbó, kí wọ́n sì jìnnà sí títì. Ẹ ṣe èyí kí jáàkì tó kan ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ minivan wúwo, bí ẹ bá fà á nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ọkọ̀ lè yẹ̀. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn réré, ẹ fi òkúta há táyà tó wà ní igun kejì.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì kan ilẹ̀, kí ẹ tó gbé jáàkì sókè. Tó bá jẹ́ táyà tínrín ni ẹ ní, tó sì jẹ́ táyà iwájú ló bẹ́, ẹ má gbé tínrín síwájú bí ibi tí ẹ dúró bá láàbò. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, iwájú ló ń yà, òun náà ló sì ń gba bíréèkì jù. Ẹ gbé odindi táyà ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ fi tínrín sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ òru, tí ibẹ̀ ò sì láàbò, ẹ gbé e síbi tó bá yá, kí ẹ máa rọra lọ.

Ẹ máa mú nọ́ọ̀tì ní agbélébùú, kì í ṣe èyí tó tẹ̀lé ara wọn. Tí ẹ bá ti rìn tó 50 kìlómítà, ẹ dúró kí ẹ tún un mú.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù, mo máa ń wọn afẹ́fẹ́ ẹ́sítírà pọ̀ mọ́ ti mẹ́rin yòókù. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, mo máa ń sọ táyà tínrín tó wà lábẹ́ kalẹ̀ pátápátá, màá fi gíríìsì pa bóòtù àti okùn, màá sì yí i padà sókè. Bí ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ má dúró níbi tí ọwọ́ bá ti wúwo; ẹ yí i títí táyà á fi lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mì í. Bó bá ṣì ń mì, ẹ tún un yí.